Irinṣẹ́ wo ló yẹ kí a fi tẹ sípíríǹgì fáàfù nígbà tí a bá ń to tọ́ọ̀pù sìlíńdà padà?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Tọ́ọ̀pù sìlíńdà (irin tó dé orí ẹ́ńjìnì, tí àwọn fáàfù wà nínú rẹ̀) ti ẹ́ńjìnì onífáàfù 16 kan wà lórí tábìlì mi báyìí. Mo ti lọ àwọn fáàfù mọ́ ojú ìjókòó wọn, mo ti fọ gbogbo rẹ̀, mo sì ti fi sílì tuntun (rọ́bà ọrùn fáàfù tí kì í jẹ́ kí epo jò) sí i. Títò ó padà ló kù. Kílááǹpù onírísí C tí mo ti ń lò fún àwọn ẹ́ńjìnì tí sípíríǹgì wọn wà ní gbangba kò wọ ihò tápẹ́ẹ̀tì (irin tó ń ti fáàfù sísàlẹ̀) ti èyí, níbi tí sípíríǹgì ti rì sísàlẹ̀. Nígbà tí mo fi ipá tì í, ó yẹ̀, ó sì ha ògiri ihò kan. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé alumíníọ́mù ni, ibẹ̀ sì ni tápẹ́ẹ̀tì ti ń lọ sókè sódò. Ṣé kí n wá ife tóóró (ẹnu kílááǹpù tó ń tẹ sípíríǹgì) tí yóò bá kílááǹpù mi mu ni, àbí irinṣẹ́ tí wọ́n ń fi òòlù lù, èyí tí mo gbọ́ pé ó ń ki lọ́ọ̀kì fáàfù (irin kékeré méjì tó ń di ọrùn fáàfù mú mọ́ àwo orí sípíríǹgì) wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?

Èsì kìíní

Ẹ má fi ipá tì í mọ́. Ó ṣeé ṣe kí kílááǹpù yín má ní àbùkù kankan. Ife ẹnu rẹ̀ ni kò bá iṣẹ́ náà mu. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ fi kálípà wọn fífẹ̀ ihò tápẹ́ẹ̀tì láti inú, kí ẹ sì wọn fífẹ̀ àwo tó dé sípíríǹgì lórí. Ká ní ihò náà jẹ́ mìlímítà 30, tí àwo náà sì jẹ́ 24, ife tí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ tó 26, tí inú rẹ̀ sì jẹ́ 20, yóò jókòó sí etí àwo náà láìfara kan ògiri. Ó gbọ́dọ̀ gùn ju jíjìn ihò náà lọ, kó sì ní fèrèsé gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí pé ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa ki lọ́ọ̀kì wọlé.

Ẹ tún wo egungun kílááǹpù náà fúnra rẹ̀. Bí irin rẹ̀ bá rọ̀, tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí bí ẹ ti ń fún un, ife yóò fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, lọ́ọ̀kì kan yóò wọlé, èkejì yóò kọ̀. Èyí tí a ń yí bí ìdè ni mo fẹ́ràn ju èyí tí a ń tẹ ọwọ́ rẹ̀ lọ; ó ń falẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí mo bá dá a dúró sí ló máa ń wà.

Ní ti ibi tó ha, ẹ fi sáńdípépà tó kúnná, bíi nọ́ńbà 1000, pẹ̀lú epo díẹ̀ pa ibi tó yọrí nìkan, kí ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ sì fi epo pa tápẹ́ẹ̀tì náà. Bí ó bá ń fúnra rẹ̀ rọra sọ̀kalẹ̀, tí ó sì ń yí láìdì, ọkàn yín lè balẹ̀.

Èsì kejì

Irinṣẹ́ olóòlù dára fún títú. Fún títò, n kò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀, nítorí pé ẹ kò ní rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Bí lọ́ọ̀kì kan bá wọlé ní ìlàjì, ó lè jẹ́ ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ ni yóò já, tí fáàfù yóò sì jábọ́ lé písítìnì lórí.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ife ni mo yàn. Ẹ̀rù lọ́ọ̀kì ló kù tó ń bà mí: 32 ni wọ́n, wọ́n kéré, wọ́n sì máa ń bọ́ lọ́wọ́ mi.

Èsì kẹta

Gírísì ni yóò bá yín mú wọn. Ẹ fi díẹ̀ pa ojú ilà tó wà lọ́rùn fáàfù, kí ẹ fi gírísì gbé lọ́ọ̀kì sí ṣóńṣó sukudiráífà kékeré, kí ẹ fi ti ẹ̀yìn síbẹ̀ ṣáájú, kí ti iwájú tó tẹ̀ lé e. Ẹ má tẹ sípíríǹgì kọjá ibi tí ojú ilà náà ti hàn, torí pé abẹ́ àwo lè kan sílì tuntun yẹn kó sì bà á jẹ́. Bí ẹ bá rí i pé ìyípo sípíríǹgì sún mọ́ra ní apá kan ju èkejì lọ, apá yẹn ló ń kọjú sísàlẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú kílááǹpù díẹ̀díẹ̀, ẹ wo àlàfo tó wà láàárín lọ́ọ̀kì méjèèjì. Ó gbọ́dọ̀ dọ́gba lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí orí wọn sì wà lójú kan náà. Ẹ wọ awò ààbò, kí ẹ gbé tọ́ọ̀pù náà sókè díẹ̀ lórí igi kí fáàfù lè ráyè ṣí, kí ẹ ki igi tóóró sínú ihò lé ṣóńṣó ọ̀pá fáàfù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi òòlù onírọ́bà kan igi náà lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí kò bá jókòó dáadáa, orí tábìlì ni yóò ti fò yọ.