Omi ọrùn di funfun lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ: kí ló kan epo ọbẹ̀?

Ọmọ Ajíkobi:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìlọrin. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún aláìsàn kan lápá òsì ọrùn. Omi tó ń jáde nínú rọ́bà tí wọ́n fi sí ojú ọgbẹ́ mọ́ kedere, àfi ìgbà tó jẹ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí omi náà di funfun báláú. Dókítà ní kó jìnnà sí epo, àyàfi èyí tí wọ́n ń pè ní MCT. Báwo ni epo tó wọ ikùn ṣe dé ọrùn? Kí sì ni ká máa sè fún un?

Láàbù Tankẹ:
Ọ̀nà ọ̀rá yàtọ̀ sí ti ṣúgà. Ṣúgà ń ti ìfun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì kọjá sí ẹ̀dọ̀ tààrà. Ọ̀rá kì í yòrò nínú omi, torí náà omi òróòro á kọ́kọ́ tú u ká sí wẹ́wẹ́, lipase, èròjà tó ń gé ọ̀rá, tó ti inú pancreas (ẹ̀yà ara kan lẹ́yìn ikùn) wá, á gé e, kí ìfun kékeré tó lè fà á mu. Nínú ògiri ìfun, ara á tún un tò padà, á fi purotéènì wé e bí ẹni fi ewé wé mọ́ínmọ́ín. Ẹrù yìí ni chylomicron. Kò lè gba ara iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín wọlé, ó tóbi jù. Lacteal, ìyẹn iṣan lymph inú ìfun, ló lè gbà á. Lymph ni omi ara tó ní iṣan tirẹ̀, yàtọ̀ sí ti ẹ̀jẹ̀.

Àwọn lacteal ń dà pọ̀ títí dé àpò kan nítòsí ọ̀pá ẹ̀yìn, cisterna chyli. Ibẹ̀ ni thoracic duct, iṣan lymph tó tóbi jù, ti gbéra, ó gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 40, ó gba inú àyà gòkè, ó sì já sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ní ìdí ọrùn lápá òsì. Ẹ wá rí i pé ọ̀bẹ lè kàn án.

Bí ènìyàn ò bá tíì jẹun, omi lymph kì í funfun. Torí náà iṣan náà lè ti ya látọjọ́ iṣẹ́ abẹ, kó má hàn títí oúnjẹ ọlọ́ràá fi wọlé. Bí triglyceride, ìyẹn ọ̀rá, inú omi náà bá ju 110 mg/dL lọ, lymph ìfun ni.

Ìyá Ganmọ:
Àdín àgbọn ni kí ẹ lò, MCT náà ni.

Olóúnjẹ Ọ̀ffà:
Rárá o, Ìyá wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ nǹkan bí ìdajì àdín àgbọn ni lauric, irú ọ̀rá kan tó ní kábọ́ọ̀nù 12, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló sì ń gba ọ̀nà lymph. Àwọn tó ní kábọ́ọ̀nù 8 àti 10, tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀ tààrà, tó jẹ́ MCT gan-an, kéré nínú rẹ̀. Àdín ẹkùrọ́ ò yàtọ̀. Epo pupa, òróró àti òrí tún wá burú jù: ọ̀rá tó ní kábọ́ọ̀nù 16 àti 18 ló pọ̀ jù nínú wọn.

Ohun tí a ń wá ni kí omi tó ń gba ibẹ̀ dínkù kí ojú ọgbẹ́ lè dì. Wọ́n sábà máa ń fi ọ̀rá mọ sí bíi gíráàmù 10 lóòjọ́. Ṣíbí ìjẹun epo kan ṣoṣo ti tó 14! Nǹkan bí ìdajì ẹ̀gúsí ni ọ̀rá, ẹ̀pà náà bẹ́ẹ̀. Kùlíkùlí ṣì ní epo lára bí wọ́n tilẹ̀ ti fún un. Àmàlà, ewédú àti gbẹ̀gìrì láìsí epo dára. Pańla ni kí ẹ fi sebẹ̀, kì í ṣe Titus. Ẹyin: funfun rẹ̀ nìkan.

MCT kì í ṣe fún díndín. Ẹ fi ṣíbí tíì kan bẹ̀rẹ̀, ẹ pò ó mọ́ ògì tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tó bá pọ̀ lójijì, inú á ṣí.

Ọmọ Ajíkobi:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Wàrà ń kọ́? Ó ń béèrè fún un.

Olóúnjẹ Ọ̀ffà:
Kó ní sùúrù. Ọ̀rá mílíìkì wà nínú wàrà dáadáa, ọ̀nà lymph ló sì ń gbà. Mílíìkì tí wọ́n ti yọ ọ̀rá kúrò nínú rẹ̀ ni kí ẹ fún un.

Láàbù Tankẹ:
Purotéènì àti sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà ń bá omi yẹn jáde, ẹ má jẹ́ kó fi ebi pa ara rẹ̀. Fítámì A, D, E àti K ń bá ọ̀rá rìn. Bí ìkálọ́wọ́kò yìí bá kọjá ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ béèrè nípa wọn. Ẹ máa kọ iye omi tó ń jáde lójoojúmọ́. Bó bá dá, ẹ má dédé padà sí epo: àwọn dókítà kan máa ń fún aláìsàn ní oúnjẹ ọlọ́ràá, wọ́n á wo bóyá omi náà á tún funfun, kí wọ́n tó yọ rọ́bà.