Orin ẹ̀fẹ̀ láìsí ẹlẹ́gbè: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà olórin. Kétu ni mo wà. Ikọ́ ife ló dé mi mọ́lé. Dókítà ní kí n má tíì bá èrò pọ̀. Oògùn ń ṣiṣẹ́, ara ń le, orin gan-an ni kò lọ.

Orin ẹ̀fẹ̀ ni mo ń kọ fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́, èyí tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2001. Ẹ sì mọ̀ pé ohun tó ń lọ nígboro la fi ń kọ ọ́: ta ló jalè, olóyè wo ló gba rìbá. Nínú yàrá, kí ni mo fẹ́ gbọ́? Ìyàwó mi ń ròyìn ọjà fún mi láti ojú fèrèsé, àmọ́ ó máa ń yọ ibi tó dùn kúrò, torí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kàn.

A gbìyànjú kí àwọn ẹlẹ́gbè mi máa gbè mí lórí WhatsApp. Ohùn ń pẹ́ kó tó dé: ìlù ti lọ, ègbè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀.

Ṣé kí n gba ohùn tèmi sílẹ̀, kí wọ́n wá fi ègbè lé e? Àbí kí n kọ ìjúbà àti ìwúre nìkan, kí n fi èébú sílẹ̀ di ìgbà tí mo bá jáde? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe ṣe é?