Igi òrùlé ilé bàbá àgbà wa, ṣé ó lè di ọ̀pá snooker?

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n ti wó ilé bàbá àgbà wa n'Íkẹ̀rẹ́, ilé alámọ̀ ni, páànù ẹ̀ ti jẹrà tán, àmọ́ ìrókò tó wà lórí òrùlé àti férémù ilẹ̀kùn ṣì le koko, ikán ò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Àwọn bọ̀ọ̀dá mi ní ká fi dáná. Ó dùn mí gan-an. Mo máa ń gbá snooker l'Ádó, mo wá ní ṣé wọn ò lè bá mi fi gbẹ́ ọ̀pá tèmi látòkè délẹ̀? Àbí á wọ́ tí ọyẹ́ bá dé?

Káfíńtà Ìjerò: Látòkè délẹ̀ kọ́ o bọ̀ọ̀dá. Iṣan ìrókò máa ń lọ́ mọ́ra, tí wọ́n bá fá a tín-ín-rín fún iwájú ọ̀pá, wíwọ́ ló máa wọ́. Ẹ wá ọ̀pá maple, igi òyìnbó kan tó le, tí ìdí ẹ̀ ti ṣẹ́ kẹ́ ẹ lo iwájú ẹ̀. Ìdí tẹ́ ẹ máa ń dì mú ni kẹ́ ẹ fi tiyín ṣe. Níbẹ̀ náà, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe á lu àárín ẹ̀ já, wọ́n á ki maple bọ̀ ọ́, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù epoxy lẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n má sì fá a tán lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á fá díẹ̀, wọ́n á gbé e kọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á tún fá, torí bó ti wù kí igi gbẹ tó, tí wọ́n bá ṣí inú ẹ̀ ó ṣì máa ń yí.

Àlàbá Ẹ̀fọ̀n: Ẹ fi máńẹ́ẹ̀tì wá ìṣó kó tó dórí ẹ̀rọ o! Ìrókò tún máa ń ní òkúta nínú, ibi tẹ́ ẹ bá rí ilà funfun bí ẹfun, ẹ yẹra fún un, bíléèdì ló ń jẹ. Ẹ bomú, eruku ẹ̀ ń yún èèyàn lára.

Màmá Ìbejì: Èmi ò mọ snooker o. Ṣé àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá yín mọ̀ sí i? Igi ilé, igi ẹbí ni.

Oníbèérè: Ẹ ṣé mà. Mo pe ẹ̀gbọ́n bàbá wa, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, wọ́n ní kí n kó o, kí n ṣáà fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fáwọn. Káfíńtà, èyí tí wọ́n kùn ní solignum, oògùn ikán yẹn, ńkọ́? Ó dúdú, ó ń rùn.

Káfíńtà Ìjerò: Ẹ fi yẹn sílẹ̀ jàre, gọ́ọ̀mù ò ní mú un dáadáa, ọwọ́ yín lẹ ó sì máa fi dì í mú. Férémù ilẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ lò. Odindi ọ̀pá kì í sábà ju íńṣì 57 sí 58 lọ, ìdí á kó bí ìdajì, ẹ gé tiyín tó íńṣì 31 kó fẹ̀ ní íńṣì kan ààbọ̀, kó lè rí ibi fá.

Bọ̀dé Ọmọ Adó: Ẹ ṣáà má fi ta tẹ́tẹ́ ní báà 😂

Oníbèérè: 😂😂 Láéláé. Máńẹ́ẹ̀tì ìdí spíkà tó ti bàjẹ́, ṣé ó máa ṣiṣẹ́?

Àlàbá Ẹ̀fọ̀n: Òun lèmi gan-an ń lò. Ẹ rọra fà á lórí igi náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin o.