Ìdánwò Fermat ní prime ni 4294967297, C ní 1 ni. Èwo ni ká gbà?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìṣirò
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ṣe ìdánwò Fermat: mo fi n = 4294967297 pín 2^(n−1), 1 ló ṣẹ́kù, bíi ti prime (nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí 1 àti òun fúnra rẹ̀ nìkan pín láìṣẹ́kù) gẹ́lẹ́. Mo wá kó nọ́ńbà náà sínú unsigned int (ààyè fún odidi nọ́ńbà tí kò ní àmì òdì) nínú èdè kọ̀ǹpútà C, ló bá tẹ 1 jáde. Irú nọ́ńbà wo lèyí gan-an?

Oníṣirò_Àgbà
Kì í ṣe prime rárá. 641 × 6700417 ni. Onímọ̀ ìṣirò Euler ló tú u ní 1732. Fermat ti gbà pé gbogbo 2^(2^k)+1 ni prime. 3, 5, 17, 257 àti 65537 ò já a kulẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé wọn, 2^32+1, ló já a kulẹ̀.

Bí 2 ṣe tàn yín nìyí: tí ẹ bá fi n pín 2^32, −1 ló kù (ẹyọ kan ló fi dín sí n). Ẹ sọ ọ́ di square, 2^64, ó di 1. n−1 sì ni 2^32, tí 64 pín láìṣẹ́kù, kò sí bí èsì ò ṣe ní jẹ́ 1. Gbogbo ìdílé Fermat ló máa ń yege ìdánwò 2. 3 ni kí ẹ lò: pow(3, n-1, n) nínú Python á fún yín ní 3029026160. Ẹ má yọ n ìkẹ́yìn yẹn o! Láìsí i, nọ́ńbà tí díjíìtì rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 2 lẹ ní kí kọ̀ǹpútà kọ.

Ọ̀gá_Kóòdù
unsigned int oníbíìtì 32 ò gbà ju 4294967295 lọ. Tó bá kọjá ibẹ̀, á padà sí 0, ni 2^32+1 ṣe di 1. Ẹ má sì sáré sínú uint64_t (oníbíìtì 64): square 2^32 jẹ́ 2^64, ẹyọ kan péré ló fi ju ààyè rẹ̀ lọ, ìdánwò 2 á sì fún yín ní 0. Ẹ lo __int128 (oníbíìtì 128).

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìṣirò
Ẹ ṣé gan-an. Báwo lèèyàn ṣe ń tètè rí 641? 6700417 náà ńkọ́, ṣé kò tún pín?

Oníṣirò_Àgbà
Onímọ̀ ìṣirò Lucas fi hàn pé prime tó bá máa pín 2^32+1 gbọ́dọ̀ rí bíi 128k+1. 129, 385 àti 513 kì í ṣe prime. 257 ṣẹ́ 2 kù. 641 ló kàn.

Prime tó bá pín 6700417 á pín 2^32+1 náà, torí náà ó gbọ́dọ̀ rí bíi 128k+1. Square root 6700417 ò tó 2589. Títí dé ibẹ̀, prime onírú yẹn ò ju márùn-ún lọ: 257, 641, 769, 1153, 1409. Àṣẹ́kù wọn ni 170, 44, 120, 334, 622. Kò sí 0 níbẹ̀, prime ni.

Semiprime (prime méjì tí a fi ara wọn sọ di púpọ̀) ni nọ́ńbà yín nígbà náà, prime kankan ò sì pín in lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ńbà mẹ́rin péré ló pín in láìṣẹ́kù. Tí ẹ bá yọ òun fúnra rẹ̀, àròpọ̀ ìyókù jẹ́ 6701059, kò sún mọ́ ọn rárá: deficient ni.

Àmì_Ìdọ́gba
Ẹ tún wo èyí: 65536² + 1² ni, 62264² + 20449² náà sì ni. Prime kì í ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ méjì.