MRI, ọsibítù kan náà, ìtọ́jú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ẹ̀yin ọmọ Ìkòròdú tó wà ní UK, ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Ìyá Ìbejì (London): Ẹ kú ilé o. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí, wọ́n ní kí n wá ṣe MRI, ẹ̀rọ olóòfà tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara. Ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ ṣe é fún mi, Ọlọ́run á ṣìkẹ́ ẹ̀, ó bi mí bóyá irin kankan wà lára mi, ó fún mi ní nǹkan dí etí, ó ki bọ́ọ̀lù kékeré kan bọ̀ mí lọ́wọ́ pé tí ẹ̀rù bá bà mí kí n tẹ̀ ẹ́, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi ṣe é tán. Ìgbà tí mo padà lọ, ẹlòmíì ló wà lẹ́nu iṣẹ́, kò kí mi, ó ní gbogbo ẹ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà, kí n ṣáà sùn síbẹ̀, ẹ̀rọ ti ń dún gbàgàgbàgà kí n tó mọ̀ pé kò fún mi ní nǹkan etí. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe fún yín, àbí wọ́n kàn rí mi fín ni?

Ọmọ Ìgbógbò (Manchester): Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan mà. Ọsibítù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tẹ́ ẹ bá bá ní ṣíìfù ló kù sí. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yẹn ni kẹ́ ẹ má gbà, gbogbo ìgbà ló yẹ kí wọ́n bi yín torí òòfà inú ẹ̀rọ yẹn kì í kú, kódà tí wọn ò bá ya ẹnikẹ́ni. Wíìgì tó ní kílíìpù, píìnì gèlè, ẹ̀rọ inú ọkàn, ẹ sọ ọ́ fúnra yín. Tí wọn ò bá fún yín ní nǹkan etí ẹ má sùn sílẹ̀, ariwo yẹn lè ba etí jẹ́.

Bọ̀dá Ìjẹdè: CT, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán X-ray ya àwòrán inú ara, ni ti màmá mi. Oògùn tí wọ́n ń fún sínú iṣan kí àwòrán lè hàn yẹn, ó máa ń mú ara gbóná wàì, á dà bíi pé èèyàn ti tọ̀ sára. Nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ṣàlàyé fún wọn, èkejì ò sọ nǹkan kan, màmá jáde wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé àwọn ti ba bẹ́ẹ̀dì jẹ́, bẹ́ẹ̀ gbígbẹ ni! Oníṣúgà tó ń lo metformin, ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ò dáa, ẹni tí oògùn yẹn ti yún lára rí, kí wọ́n tètè sọ. Màmá tí ò gbọ́ òyìnbó, ẹ ní kí wọ́n wá ògbufọ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Ọmọ Sábó (Ìkòròdú): Àwa tá a wà nílé ńbí, tá a bá ti sanwó, a ó gba fíìmù àti èsì ẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Ṣé wọn kì í fún yín ni?

Ọmọ Ìgbógbò: Dókítà tó ní ká lọ ṣe é ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá kọ̀wé béèrè, ẹ̀tọ́ yín ni, láàárín oṣù kan ló yẹ kí wọ́n fún yín, kò gbowó. Ìyá Ìbejì, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ sùn, PALS, ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn, ni kẹ́ ẹ wá, ó wà ní ọsibítù yẹn, kó má ju oṣù 12 lọ lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ṣé orí fóònù ni àbí kí n lọ?

Ọmọ Ìgbógbò: Èyí tó bá wù yín mà. Ẹ ṣáà kọ ọjọ́ àti aago tí wọ́n ṣe é sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó pè.