Sùnúnù: Ẹlẹ́ja ni àbí Alábùùbùtán?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjíròrò. Láti ìgbà tí àbúrò wa kan ti béèrè ìtumọ̀ Sùnúnù, orúkọ tí wọ́n fẹ́ sọ ọmọkùnrin jòjòló kan nílé wọn, ìdáhùn mẹ́ta ni mo ti kà. Ẹnì kan ní "apẹja" ni. Ẹnì kejì ní "ẹlẹ́ja" ni. Ẹ̀gbọ́n wa kan wá ní orúkọ Yorùbá pọ́ńbélé ni, pé "sùn-nínú" ni, torí pé Ànábì Yùnúsà (Jónà inú Bíbélì) sùn nínú ẹja. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa bá ìtàn mu, ó sì dùn létí, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.

Lárúbáwá ni: Dhū an-Nūn, àlàjẹ́ Yùnúsà yìí kan náà, tó di Dhun-Nūn lẹ́nu. A ò ní dh, a ò sì ní z, s la fi ń dípò méjèèjì. Dhikr di Síkírù, Zaynab di Sàínábù. A wá fi u ti ìdí rẹ̀, bí a ṣe fi ti ìdí Sulaymān tó di Sùlèmọ́nù. Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, ará Íjíbítì kan wà, ọmọ ìlú Akhmim, tí wọ́n ń pè ní Dhun-Nūn. Thawbān lorúkọ àbísọ rẹ̀, àlàjẹ́ ni Dhun-Nūn. Àgbà súfí ni, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí tó ń wá ìsúnmọ́ Ọlọ́run nínú ẹ̀mí. Ìyẹn nìkan tó láti fi hàn pé orúkọ yìí ti wà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Dhū yẹn gan-an ni kí a dúró lé lórí. Iṣẹ́ tí oní ń ṣe nínú èdè wa ló ń ṣe nínú tiwọn. Dhul-Qarnayn, oníwo méjì. Dhun-Nūrayn, onímọ́lẹ̀ méjì, àlàjẹ́ Uthmān, kálífà kẹta, torí pé ó fẹ́ Ruqayyah, nígbà tí Ruqayyah sì kú, ó fẹ́ Umm Kulthūm, ọmọ Ànábì Mùhámmádù ni àwọn méjèèjì. Ẹ wá wo ohun tó yà mí lẹ́nu. Nínú èdè wa, n inú oní máa ń di l: oní àti aṣọ di aláṣọ, oní àti ẹja di ẹlẹ́ja. Nínú tiwọn, l inú al, tó dà bíi "the" àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ló ń di n bó bá ti bá nūn, lẹ́tà n wọn, pàdé. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń rìn, àwọn ń lọ, àwa ń bọ̀.

Àwa fúnra wa ti ń lo dhū yìí láìmọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìlọrin, ẹ rántí Ẹ́míà Súlù Gàmbàrí tó wà lórí oyè láti 1959 di 1992. Zulkarnaini lorúkọ rẹ̀ ní kíkún. A gé e kù Súlù, ìyẹn ni pé "oní" nìkan la mú, a fi ìwo méjèèjì sílẹ̀. Nuréènì ní tirẹ̀, ìmọ́lẹ̀ méjèèjì la mú, a wá fi "oní" sílẹ̀.

Ẹnì kan tún ní Sànúnù ló tọ̀nà, kì í ṣe Sùnúnù. Kò purọ́ o. Bó ṣe wà nínú Súrà Al-Anbiyā, ẹsẹ 87, nìyẹn: Dhan-Nūn. Inú ẹsẹ yẹn náà ni àdúà Lā ilāha illā anta tí a máa ń kà nígbà ìpọ́njú wà. Àmọ́ ipò àbọ̀ ni orúkọ náà wà níbẹ̀, ló ṣe di dhā. Tó bá dá dúró, dhū ni. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ Sùnúnù.

Nūn wá ńkọ́? Ẹnì kan ní lẹ́tà nūn lásán ni. Lóòótọ́, lẹ́tà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ Súrà kejìdínláàádọ́rin, àmọ́ nínú Súrà kan náà, ní ẹsẹ 48, Yùnúsà yìí kan náà ni a pè ní ṣāḥib al-ḥūt, ẹni tí òun àti ẹja ńlá jọ wà. Àwọn ará Bábílónì àtijọ́ pàápàá, nūnu ni wọ́n ń pe ẹja. Ẹja ni.

Apẹja kò lè jẹ́. Yùnúsà kò pa ẹja kankan, ẹja ló gbé e mì. Ẹlẹ́ja sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ́jà kẹ́ ẹ pe "ẹlẹ́ja", ẹ ó rí ẹni tó máa dáhùn: ìyá tó ń ta pańla. Ìdí nìyí tí mo fi mú Alábùùbùtán wá. Àbùùbùtán, ẹja tí à ń bù tí kì í tán, ló bá ohun tó gbé Ànábì mì mu. Bẹ́ ẹ bá ní Yùnúsà kọ́ ló ni ẹja náà, ẹ wo onígbèsè. Ṣé òun ló ni gbèsè ni, àbí gbèsè ló ni ín? Oní wa gba méjèèjì, dhū náà sì gbà á.

Ọmọ kan wà nílé kéú àdúgbò wa tó ń jẹ́ orúkọ yìí. Lọ́jọ́ tó kọ ọ́ sí wàláà fúngbà àkọ́kọ́, ó gbàgbé àmì orí dhāl, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àfáà ní kó fi tàdáà sí i. Ó fi sí i. Nígbà tó dé orí nūn tó kẹ́yìn, ó ya ikùn rẹ̀ fẹ̀ gbàǹgbà, ó wá fi àmì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá nínú ikùn náà. Àfáà ní òkè ló ń wà. Ó ní, "Àfáà, Yùnúsà nìyẹn."

Nínú àkójọ orúkọ tí mò ń ṣe, Sùnúnù ni màá kọ, Alábùùbùtán ni màá fi túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ń pè é báyìí tàbí bọ́ọ̀hún nílùú rẹ̀, Ìwó ni o, Ẹdẹ ni o, kó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn, kí n lè fi kún un.