Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n fi Santosh han màámi àbí kí n fi sílẹ̀?

Ọmọ Aláké: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Màámi wá kí wa ní London, wọ́n sì fẹ́ràn fíìmù Índíà gan-an, nílé Zee World ni tiwọn láàárọ̀ lálẹ́. Mo wá wo Santosh lánàá, fíìmù ọ̀daràn tí Sandhya Suri ṣe, tó gbé lọ sí àjọ̀dún fíìmù Cannes lọ́dún 2024, mo wò ó tán oorun ò kùn mí. Àmọ́ opó ni Santosh, obìnrin tí wọ́n fi sọ fíìmù náà lórúkọ yẹn o. Ọlọ́pàá lọkọ ẹ̀, wọ́n pa á lẹ́nu iṣẹ́ níbi rúkèrúdò, àwọn àna ò fẹ́ ẹ, ilé ìjọba tí wọ́n ń gbé náà fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, àfi tó bá gba iṣẹ́ ọkọ ẹ̀ ṣe torí wọ́n máa ń fún opó òṣìṣẹ́ ìjọba níṣẹ́ lọ́hùn-ún. Èṣí ni bàámi kú. Ohun tójú màámi rí lọ́wọ́ àwọn ẹbí, ẹ jẹ́ n má sọ ọ́. Ọkọ mi ní egbò ni mo fẹ́ lọ ha. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wò ó ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ bàbá. Ibi opó yẹn ò pẹ́ rárá sí mi, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tí wọ́n bá òkú ẹ̀ nínú kànga ló gbalẹ̀. Ọmọ Dalit ni, àwọn tí wọn ò kà séèyàn lábúlé yẹn, bàbá ẹ̀ wá sí tèṣọ̀n wọn ò dá a lóhùn. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù fún màmá, torí ibẹ̀ ni mo ti sunkún.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ó falẹ̀ jọ̀ọ́. Ó lé ní wákàtí méjì, kò sórin kò síjó, mo ń retí kí wọ́n máa lé ọ̀daràn kiri Mumbai, abúlé la wà. Ṣùgbọ́n Sunita Rajwar tó ṣe ìnspẹ́kítọ̀ Geeta, háà, obìnrin yẹn! Ó ń kẹ́ Santosh bí ọmọ, ó sì ń kọ́ ọ níkà.

Àbíkẹ́ Leeds: Mi ò gbà pé ó falẹ̀ o. Díẹ̀díẹ̀ layé ń ba èèyàn jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fi hàn wá títí tí Santosh fúnra ẹ̀ fi bá wọn lu ọmọkùnrin Mùsùlùmí tí wọ́n tì mọ́lé lórí ikú ọmọbìnrin yẹn, ó dùn mí wọra. Àwọn tó ń yẹ fíìmù wò ní Índíà ò sì fẹ́ kọ́mọ ìlú wọn rí i, lọ́dún 2025 wọ́n ní kí wọ́n gé ibi tó pọ̀ kúrò, Suri ní ìtàn ò ní yéèyàn mọ́, wọn ò gbé e sí sinimá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Britain ló fi í ránṣẹ́ sí Oscar!

Bàbá Tọ́lá: Èmi ò tíì rẹ́ni bèèrè eléyìí: ṣé màmá máa ń ka subtitle, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ fíìmù? Òyìnbó ni wọ́n ń sọ ní Zee World, Hindi pọ́ńbélé leléyìí.

Ọmọ Aláké: Ẹ ṣé gan-an sà, mi ò rò ó débẹ̀. Màá jókòó tì wọ́n máa sọ ọ́ ní Yorùbá, tí wọ́n bá ní ká pa á màá pa á. Mo ti kọ́kọ́ sọ fún wọn báyìí pé opó kan ni àna ò fẹ́ ẹ mọ́ tí wọ́n fún níṣẹ́ ọkọ ẹ̀. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ṣó gbà á?"